Aṣọ Oníbàárà Di Ọrọ̀ Alágbàfọ̀

Ìyá alágbàfọ̀ kan wà, yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé, aṣọ oníbàárà ló sì gba ìdajì rẹ̀. Ara ọmọ náà le, ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ìbẹ̀rù a ṣàdédé gbé e, a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, oorun a sì sá fún un. Dókítà kọ oògùn fún un, àmọ́ ọ̀wọ́n gógó ni. Ìyá wá ń ṣẹ́ ẹ sí méjì kó lè pẹ́.

Ìjọba ní owó ìrànwọ́ wà fún òbí aláìní tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ oyin inú àpáta ni. Ìyá ò wo ẹnu àáké, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

Ọ̀gá ibẹ̀ wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyá, aṣọ yín mọ́ jù. Aláìní kì í mọ́ tó báyìí."

"Sà, aṣọ ni mò ń fọ̀ jẹun. Ṣé kí n fi ẹrẹ̀ ra ara kí n tó wá ni?"

"Ọmọ yìí ńkọ́? Ó jókòó jẹ́jẹ́. Àìsàn ọ̀hún dà?"

"Ìwé dókítà nìyẹn níwájú yín. Àbí kí n ránṣẹ́ pe àìsàn kó wá kí yín?"

Ọ̀gá fajú ro, ó ní òun á wá wo ilé wọn.

Ó dé lóòótọ́, òun àti obìnrin akọ̀wé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé, ọmọ náà kó sábẹ́ tábìlì, ó di etí, ó ń gbọ̀n. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ojú ló ń tì í. Ọmọ tèmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ló bá kọjú sí aṣọ tó wà lórí okùn.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀! Gáúnù olówó ńlá. Ṣẹ́ẹ̀tì tó funfun báláú. Wo kóòtù yìí! Ìyá, ẹni tó ní irú èyí tún ń wá ìrànwọ́?"

"Ẹ ò parọ́, sà," ìyá fèsì. "Ẹni tó ni ín kì í ṣe tálákà. Ìyàwó yín ló gbé e wá lánàá. Tiyín ni."

Akọ̀wé fi fáìlì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀gá yẹ ọrùn kóòtù náà wò, ó bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ… ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa," ló rí sọ.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti wà lábẹ́ tábìlì, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ ti wo gbogbo aṣọ tán, sà. Ẹ ò tíì béèrè orúkọ ọmọ mi."

Akọ̀wé ló kúnlẹ̀, tó rọra béèrè orúkọ náà, tó sì na ìwé ìrànwọ́ náà sí ọ̀gá. Ọ̀gá buwọ́ lù ú bí ẹni tí ìjàlọ ń jẹ, ó sì bọ́ síta.

Owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò sọ wọ́n dọlọ́lá, àmọ́ odidi oògùn lọmọ ń lò báyìí, oorun sì ti ń kùn ún. Ọ̀gá kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn. Wọ́n ní ìyẹn ń fi áyọ́ọ̀nù jó o. Lọ́jọ́ tí ara bá tu ọmọ náà, a bá ìyá rẹ̀ ká aṣọ. Lọ́jọ́ tí kò bá tù ú, ìyá a ti ilẹ̀kùn, oníbàárà a sì dúró.