Oògùn Tí Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Kò Fi Ránṣẹ́ Mọ́

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Glenarden, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kì í da oògùn nù. Bí dókítà bá fún un ní oògùn, tí ara rẹ̀ bá ti yá, ìyókù di ti àwọn èèyàn wa ní Ìbàdàn nìyẹn. Ó mọ ẹni tí orí ń fọ́, ó mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ká kúkú kọ kẹ́míìsì sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún, wọ́n fún un ní oògùn ìrora kan tó le. Ó lo díẹ̀, ó sì tọ́jú ìyókù fún ìyá mi ní Ìbàdàn, tí ìbàdí ń dùn. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń gbé ní Springdale, fẹ́ lọ sílé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. A ti gbé e fún un kó bá wa mú un lọ.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, a jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń fi abúlé kan hàn, ti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an, tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Oògùn ìrora ti di bárakú fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì ń pa wọ́n. Ìyá àgbà kan ní wọ́n fún òun ní tòun nítorí ẹ̀yìn tó ń dun òun. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dun ọmọ òun náà, òun bù ú fún un, nítorí òun fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ náà ti kú.

Wọ́n fi ike oògùn náà hàn.

"Ka name tó wà lára ẹ̀ fún mi," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí.

Mo kà á. Orúkọ tó wà lára èyí tí a fi ránṣẹ́ ni.

Ó wá ọ̀pá tó fi ń rìn, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ní Springdale, arákùnrin yẹn ti fi okùn di àpótí rẹ̀ pinpin. Ó rojú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tú u, ó sì dá oògùn náà padà fún wa.

Nínú mọ́tò ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti pe ìyá mi, ó ṣàlàyé, ó ní kó lọ rí dókítà. Ìyá mi kò gbà. Ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n òun ti rí ẹlòmíì tó fẹ́ràn ju òun lọ ni.

"Máa bínú sí mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ ṣáà wà láyé, kó o máa bínú."

Ó pẹ́ kí ìyá mi tó yọ́nú. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ṣáá, kó lè gbọ́ bó ṣe ń bínú.