Ohun Tó Wà Níkùn Sikúídì

Bí mo bá rí sikúídì, ẹran òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá yẹn, lórí yìnyín, ohùn àbúrò bàbá mi ni mo máa ń gbọ́. Ọkùnrin náà ló mú mi wá sí Amẹ́ríkà, ó sì sọ mí di ẹni tó ń fọ ẹja ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Port Richmond.

Á gbé sikúídì kan sókè lójú àwọn kọsítọ́mà, á ní fún mi: "Ọdún kan péré lèyí lò láyé, wo bó ṣe tóbi! Ìwọ ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, kí lo dà?"

Bí mo bá dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, á ní, "Ta ni yóò wá máa fọ ẹja?" Ìkà ni.

Ó fẹ́ràn kó máa la ikùn sikúídì. Á yọ ẹran sikúídì mìíràn jáde wẹ́wẹ́, á rẹ́rìn-ín: "Ọmọ ìyá ẹ̀ ló jẹ. Bó ṣe ń yára dàgbà nìyẹn."

Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gbà mí, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà sílẹ̀. Ó pariwo pé aláìmoore ni mí. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

"Ẹ ṣé, sà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ jẹ ti jáde níkùn yín."