Ohun Tí Alfa Rájí Bá Lára Gàníyù

Ó kù díẹ̀ kí àwọn ológun gba ìjọba Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. A ti dìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn tó wà lórí àlééfà sì ti jí i mọ́ wa lójú. Àwa tí a dìbò mọ ẹni tí a dìbò fún. Ẹlòmíràn ni rédíò dárúkọ. Láti ọjọ́ náà ni iná ti ń jó láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilé ń jó, mọ́tò ń jó, ènìyàn náà ń jó. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́: kí a da pẹtiróòlù sí ọ̀tá lára, kí a sì ṣáná sí i.

Lọ́yà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà náà, mo sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jí ìbò rẹ̀ gbé. Ẹjọ́ tó lè fi okùn sí ènìyàn lọ́rùn ni iṣẹ́ mi: ìpànìyàn, ìdánásunlé, ìdigunjalè. Ìyàwó mi, Ìyá Fọlá, wà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti kú báyìí. Bí mo bá ṣì í sọ, kò sí ẹni tó kù tí yóò tún mi ṣe, nítorí náà mo rọra ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìbò, ilé ìwé kékeré kan lójú ọ̀nà Mámù ni àwọn abúlé àyíká ti ń dìbò. Gàníyù, ọmọkùnrin kan láti Àgọ́-Ìwòyè, ni ó ń ṣọ́ àpótí ìbò fún ẹgbẹ́ wa. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ kejì fi ọkọ̀ akẹ́rù dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé àpótí lọ. Gàníyù jókòó lé e lórí. Wọ́n fi igi lù ú, kò dìde. Wọ́n fi ẹ̀yìn àdá gbá a lójú títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ẹ̀wù rẹ̀, kò dìde. Àwọn akódà, ìyẹn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń wò. Kóńdó nìkan ni òfin fún akódà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà àwọn kan nínú wọn gbé ìbọn. Ìbọn dún. Gbogbo ènìyàn sá wọ inú oko kòkó. Nígbà tí wọ́n padà, àpótí ti lọ, Gàníyù sì ti kú.

Mùsùlùmí ni àwọn òbí rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òkú rẹ̀ lókè eèpẹ̀. Alfa Rájí, tó máa ń wẹ òkú ọkùnrin ládùúgbò wọn, wẹ̀ ẹ́, ó fi aṣọ funfun dì í, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Dókítà kankan kò rí i.

Ìlú gbóná. Bí wọ́n bá ní akódà ló pa á, kò sí àgọ́ akódà tí ì bá kù ní gbogbo agbègbè wa. Àwọn aláṣẹ wá ẹni tí wọ́n lè jù sílẹ̀ fún ìbínú ìlú, wọ́n sì rí i: Bánjọ, apẹja láti Ìbíadé, ọ̀kan nínú àwọn jàǹdùkú tí ẹgbẹ́ wọn fúnra rẹ̀ háyà. Àdá ẹlẹ́jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àdá yẹn ni ó fi ṣá Gàníyù ní ìhà pa. Ọmọ odò ni, kò ní ẹbí nítòsí. Àwọn tó gbé e wá kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Inú ẹgbẹ́ wa náà dùn. Táyé ni olórí àwọn ọ̀dọ́ wa. Àkàrà tí ìyàwó mi dín wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé mi nígbà tó sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó kọ́. Ẹja tó kúrò lódò, ọbẹ̀ ló ń wá."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyá Bánjọ dé. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́rù, gbogbo lọ́yà tó bá ni wọ́n lé e. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyàwó mi sáré gbé e dìde.

"Ìyá, ẹ dìde. Ọmọ yín ni mo jẹ́."

Ìyá náà ní, "Jàǹdùkú ni ọmọ mi. N kò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n kò pààyàn."

Mo ní ọ̀rọ̀ náà ṣòro, pé ẹgbẹ́ mi kò ní gbà. Ìyá Fọlá yíjú sí mi. "Bàbá Fọlá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ta ló ti gbọ́ ẹjọ́ ti ọmọ yìí?"

Mo lọ bá Bánjọ lẹ́wọ̀n. Wọ́n ti lù ú débi pé ojú rẹ̀ kan kò ṣí. Kò gbìyànjú láti sọ ara rẹ̀ di ènìyàn rere.

"Lọ́yà, mo lu Gàníyù. Èmi ni mo fi ẹ̀yìn àdá gbá a lójú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìbọn ni mo gbọ́, kó tó wó lulẹ̀."

"Ta ló yìn ín?"

"Ẹ̀yìn mi ni àwọn tó gbé ìbọn wà. Ta ló ráyè wẹ̀yìn?"

Bí òótọ́ ni ó ń sọ, ọkùnrin kan ṣoṣo ló lè mọ̀: ẹni tó wẹ òkú náà. Mo lọ bá Alfa Rájí. Ó fi omi tútù lọ̀ mí, ó gbọ́ mi tán, ó mi orí.

"Lọ́yà, ohun tí ọwọ́ mi bá bà lára òkú, ẹnu mi kì í sọ ọ́. Ẹni tó bá bo òkú láṣìírí, Ọlọ́run á bo tirẹ̀. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi nìyẹn kó tó jẹ́ kí n wẹ ẹnikẹ́ni."

"Alfa, wọ́n máa so ènìyàn kọ́."

"Kì í ṣe lórí ohun tí mo sọ. N kò sọ nǹkan kan."

"Lórí ohun tí ẹ kò sọ ni wọ́n máa so ó kọ́."

Ó gba ife omi lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí kóòtù bá pè mí, màá wá. Màá dúró níbẹ̀, màá sì dákẹ́. Kí wọ́n tì mí mọ́lé."

Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò ṣe. Òfin lè gbé ara ènìyàn dé kóòtù, kò lè la ẹnu rẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹjọ́ náà ti bọ́.

Ó bi mí pé, "Ta ló ni àṣírí tí Alfa ń bò?"

"Òkú ni."

"Ta ló ni òkú?"

Bí a ṣe lọ sí Àgọ́-Ìwòyè lọ́dọ̀ Ìyá Gàní, ìyá tó bí Gàníyù, nìyẹn. Olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa níbẹ̀ ni, obì ni ó ń tà. Bó ti rí wa, ó ju agbọ̀n obì nù.

"Ìyá Fọlá! Ìwọ tí a jọ jó nígbà ìpolongo! Ọkọ rẹ ń gba ẹni tó pa ọmọ mi sílẹ̀, o tún mú un wá sílé mi?"

Ó gbá ìyàwó mi létí, imú rẹ̀ sì ṣẹ̀jẹ̀. Mo fẹ́ wọ àárín wọn. Ìyá Fọlá fi ọwọ́ dá mi dúró.

"Ẹ tún gbá mi, ìyá mi. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tó pa á?"

"Àdá ni!"

"Ẹ̀yin rí ojú àdá lára rẹ̀?"

Ìyá kì í wẹ òkú ọmọkùnrin tó ti dàgbà. Ojú nìkan ni wọ́n ṣí fún Ìyá Gàní kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín obì tó fọ́n ká. Nígbà tó dìde, ó da ìborùn borí, kò sọ ibi tó ń lọ fún wa. A kàn tẹ̀ lé e títí dé iwájú ilé Alfa Rájí.

"Alfa, ta ló bí Gàníyù?"

"Ìwọ ni."

"Mo ti wẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́. Bó bá ní àbùkù lára, ẹ bá mi bò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe sí i kì í ṣe àbùkù tirẹ̀. Mo tú yín sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́."

Omi bọ́ lójú bàbá náà. Ó ní, "Kóòtù ni màá ti sọ ọ́. Má ṣe jẹ́ kí n sọ ọ́ létí rẹ."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, èmi, Ìyá Fọlá àti Alfa wọ mọ́tò mi, a kọrí sí Ìjẹ̀bú-Òde. A kò tíì jìnnà tí a fi bá igi gẹdú ńlá tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Àwọn ọmọ wa ni, Táyé ló ṣáájú. Wọ́n fọ́ gíláàsì iwájú. Wọ́n wọ́ mi jáde, wọ́n na mí ní pátákó títí mo fi dorí kodò, wọ́n sì da pẹtiróòlù lé mi láti orí. Ó wọ ojú mi, ó wọ ẹnu mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin nípa ọdún náà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: ó tutù. Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni pé ó tutù.

"Lọ́yà," ni Táyé wí, "a ti sọ fún yín. Ẹ ta wá. Ẹ ta ẹ̀jẹ̀ Gàníyù."

Ìyá Fọlá jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi mọ́ra, pẹtiróòlù sì rin ín láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

"Ṣáná, Táyé. Ilé mi lo ti ń jẹun. Ṣáná, kí n rí ọ."

Ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé, "Sun wọ́n! Sun tọkọtaya!" Nígbà náà ni Alfa Rájí bọ́ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

"Ọwọ́ tó wẹ Gàníyù rè é! Ihò ọta ìbọn ni mo bá ní àyà rẹ̀. Òwú ni mo fi dí i. Kò sí ojú àdá kankan ní ìhà rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra!"

Táyé fi ìṣáná sápò. Ẹnìkan wá ké láti ẹ̀yìn pé, "Àwọn akódà ló gbé ìbọn lọ́jọ́ yẹn!"

Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní a kò tíì mọ ẹni tó yìn ín, pé kóòtù ni yóò wádìí. Bóyá wọ́n gbọ́ mi, bóyá wọn kò gbọ́ mi, n kò mọ̀. Ẹyin lohùn. Wọ́n bá wa yí igi kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀kan tilẹ̀ fi ẹ̀wù rẹ̀ nù mí lójú, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù wọn, wọ́n sì sáré wọ ọ̀nà tí a ti wá.

Mo dé kóòtù bẹ́ẹ̀. Adájọ́ fa imú, ó bojú wò mí. "Lọ́yà, kí ni òórùn yìí?"

"Pẹtiróòlù ni, Olúwa mi. Àwọn ará ilé mi ló dà á sí mi."

Alfa sọ ohun tó rí. Agbẹjọ́rò ìjọba bi í pé kí ló dé tó fi dákẹ́ látọjọ́ yìí. Ó dáhùn pé, "Ìyá rẹ̀ kò tíì yọ̀ǹda mi." Lẹ́yìn èyí ni ẹjọ́ ìjọba fọ́. Nígbà tí adájọ́ gbé ìdájọ́ kalẹ̀, ó dá Bánjọ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mú un padà sí odò.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Alfa sọ̀rọ̀ yẹn, bí a ti ń padà bọ̀, a rí èéfín. Wọ́n ti sun àgọ́ akódà. Àwọn akódà tó kù ti sá nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo. Ẹnìkan ló dúró. Ògúnṣọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlápòrú. Lọ́jọ́ ìbò, Ìlápòrú ló wà, ó ń sin bàbá rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì mọ̀. Àwọn aládùúgbò ní wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó sá. Ó ní kí ni òun ṣe tí òun yóò fi sá? Wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sun ún. A bá ohun tó kù lára rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá Fọlá tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó.

Àwọn ológun dé láìpẹ́ sí ìgbà náà. Wọ́n lé àwọn tó jí ìbò wa. A jó lójú títì, èmi náà jó. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí a jèrè, màá ní olè ìbò kò sùn dáadáa lórí ohun tó jí, àti pé ọkùnrin kan tí kò pààyàn kò kú sórí okùn. Ohun tí a sọ nù pọ̀ ju ìyẹn lọ. Títí di òní a kò mọ ẹni tó yìnbọn fún Gàníyù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò jẹ́jọ́ ikú Ògúnṣọlá. Ìyàwó mi máa ń lọ kí ìyàwó rẹ̀ ní Ìlápòrú. Ó máa ń lọ láìsọ fún mi, mo sì máa ń mọ̀.

Nígbà tí a sin Ìyá Fọlá, Táyé wá. Ó ti di àgbà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Nígbà tí èrò dín kù, ó jókòó tì mí.

"Lọ́yà, ká ní wọ́n mú mi nígbà yẹn lórí ọ̀rọ̀ akódà, ṣé ẹ̀ bá gba ẹjọ́ mi rò?"

"Mà bá gbà á."

"Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe sí yín?"

"Mà bá fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ jà fún ẹ, Táyé. Mà bá sì gbìyànjú kí n gbà ọ́ sílẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹni tó pè ọ́ lẹ́jọ́."

Ó gbé ojú sílẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ìyàwó Ògúnṣọlá ṣì wà láyé. Mo ní ó wà. Mo sọ ọ̀nà ilé rẹ̀ fún un, èmi kò sì bi í bóyá yóò lọ.