Ìwé Mẹ́ta Tí N Kò Gbé Dé Ọ́fíìsì

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ikú Ráfátù ìyàwó mi ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé kó wá gba ẹ̀rọ. Èmi ni mo ń to àga lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sí i láàárín àwọn ọ̀gá.

Mo mọ̀ dájú pé ìwé Ráfátù kò lè sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń yọ ọ́.

Másínjà ni mí ní ọ́fíìsì tí ìjọba ìlú Tamale dá sílẹ̀ láti ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́. Wọ́n ń kọ́ wọn bí ọjà ṣe ń mọ́, bí a ṣe ń dì í kó wu èèyàn. Ẹni tó bá tẹra mọ́ ọn, wọ́n lè fún un ní ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù kọ́kọ́. Èmi ni mo ń gun alùpùpù lọ gba fọ́ọ̀mù ní Kanvili, ní Vittin, àti ní Sakasaka tí mo ń gbé. Kíláàsì mẹ́rin ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀: Àlàsáǹ tó ń rán ẹ̀wù fúgù, Mẹ́múnátù ọlọ́ṣẹ, Yàkúbù alágbẹ̀dẹ.

Ásárà, olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí, ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. Ọjọ́ tí Fúsẹ́ìnì akọ̀wé wa bi í pé kí ni orúkọ ilé iṣẹ́ wọn, ó ní, "Haba! Òrí náà ń fẹ́ orúkọ? Àgbò ìsọmọlórúkọ dà?"

Inú ẹgbẹ́ Ásárà ni Ráfátù wà, ọgbà wa sì ni àwọn méjèèje ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á fọ́ èso òrí, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pò ó, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Obìnrin á ki ọwọ́ méjèèjì bọ ọpọ́n dé ìgbúnwọ́, á máa lu nǹkan dúdú yẹn pẹ̀lú omi títí tí òrí yóò fi léfòó, funfun. Ọjọ́ mìíràn wà tí apá Ráfátù kò lè gbé búútà àlùwàlá nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ tó ń po òrí ló ń fẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Tamale ni wọ́n bí mi sí. Mo wà ní kíláàsì mẹ́rin yẹn nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn. Bàbá mi fi ìsọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà inú rẹ̀. Kí n tó padà wá, mo ti di géńdé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò létí mi: "Sáláwù, nílùú onílùú, má jẹ́ kí wọ́n bá ọwọ́ rẹ nínú abọ́." Bàbá Yísá, másínjà tó fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, tún sọ irú ẹ̀: "Ẹni tó ń gbé àwo kì í kọ́kọ́ bù."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ráfátù fi fọ́ọ̀mù sínú àpò mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yọ ọ́, mo fi sábẹ́ aṣọ Iléyá nínú àpótí.

Á bi mí pé, "Bàbá Ráṣídì, wọn ò tíì pè wá?"

"Wọn ò tíì pè yín."

"Tó, ó dáa." Á sì padà sídìí ọpọ́n.

Fúsẹ́ìnì tún pe orúkọ náà lọ́jọ́ yẹn. "Ráfátù Sáláwù! Bí kò bá sí níbí, ẹ̀rọ á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn o."

Ásárà dìde. "Rọra, Fúsẹ́ìnì. Ráfátù ti kú."

Ọ̀gá wa, Mádáàmù Sánátù, yíjú sí mi. Ó wá síbi fìdáù wa. "Bàbá Sáláwù, ṣé ìyàwó yín nìyí? Òrí ni wọ́n ń ṣe?"

Ásárà ni mo kọjú sí. "Ta ló gbé ìwé rẹ̀ wá?"

"Èmi ni. Ráfátù ní kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e lé Mádáàmù lọ́wọ́. Ó ní àpò ọkọ òun máa ń jẹ ìwé òun."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára bo ẹnu. Ásárà ò rẹ́rìn-ín.

Ó mọ̀! Ráfátù mọ̀. Gbogbo "tó" tó ń wí yẹn, ó mọ̀, ó sì ń pọn omi ìwẹ̀ mi.

Mo ní, "Mádáàmù, n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé Yorùbá ń gbé e fún ará ilé rẹ̀ ni."

"Bàbá, àwa la ń yàn. Ìwé lẹ ń gbé."

Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ohun tí mo ń pè ní òótọ́ inú láti ọjọ́ yìí, olè ni. Ìwé ìyàwó mi ni mo jí.

Fúsẹ́ìnì ní òfin ni pé ẹni tó ni orúkọ ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Ásárà ní, "Tó bá jẹ́ ìdáhùn ló kù, ẹ tún un pè."

Mádáàmù fúnra rẹ̀ pè é. "Ráfátù Sáláwù!"

Àwọn mẹ́fà tó kù dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Àwa nìyí!"

Ọgbà mi ni ẹ̀rọ náà wà báyìí. Iṣẹ́ tó ń gbà wọ́n láti àárọ̀ dọ̀sán ń parí kí oòrùn tó mú. Bó bá ti ń dún, mo máa ń fẹ́ jáde. Ásárà á ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó dùn yín dáadáa." Mo ń jókòó.

Oṣù tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì, mo sì fa kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lé Hàwáwù, ọmọbìnrin tó gba iṣẹ́ mi, lọ́wọ́. Mo ní kó máa ka orúkọ ara gbogbo ìwé sókè lójú ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì tún un kà níwájú Mádáàmù.

Ó ní, "Ìyá mi náà ń ránṣọ, Bàbá. Tiwọn ńkọ́?"

"Tiwọn ni kó o kọ́kọ́ kà."

Lẹ́yìn náà ni mo wọlé tọ Mádáàmù lọ. Mo yọ fọ́ọ̀mù mẹ́ta jáde lápò, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n ṣì ń run òórùn aṣọ Iléyá.

Mo ní, "Ẹ má bínú. Wọ́n pẹ́ lọ́nà."

Mádáàmù ka orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá gbé òǹtẹ̀ tí a fi ń gba ìwé wọlé, ó sì lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.