Ìró Ẹsẹ̀ Bàbá Nínú Géèmù

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì bí ẹnì kankan. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Tí ẹ bá ti gbá géèmù rí, tí ẹ rí jagunjagun tó ń rìn lórí yanrìn, tí yanrìn ń dún lábẹ́ bàtà rẹ̀, ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnì kan ló dúró nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tó wọ bàtà ọkùnrin, tó ń tẹ yanrìn inú àpótí níwájú maìkì. Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí ti fi ṣe é. Àpótí kún yàrá rẹ̀: ti yanrìn, ti òkúta wẹ́wẹ́, ti táìlì fífọ́, ti ewé gbígbẹ. Bàtà ibẹ̀ lé ní igba. "Ẹsẹ̀ mi kò sì ju méjì lọ," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Géèmù tí à ń sọ yìí ti gba ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ irinwó òṣìṣẹ́. Odindi ìlú ni wọ́n ń kọ́ sínú rẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ní yàrá, yàrá kọ̀ọ̀kan ní àga. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé kí omi òjò máa kán bó ṣe yẹ láti etí òrùlé nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi kán omi. Tí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ló ti yẹ kí ẹni tó lójú ti rí wàhálà tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́ ni nígbà náà. Àwọn olówó ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń ya fọ́tò níwájú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ní irú rẹ̀ kò sí rí.

Nínú ìlú yẹn, bàbá arúgbó kan wà tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Ó ń tiro, ó ń fọ̀pá rìn. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ rin ìrìn náà títí, kò jọ. Bó ti tiro tó, ẹni tó ń díbọ́n ló ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ. Ló bá mú bàbá tó bí i wá. Akunlé ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, àkàbà ló sì gbé e ṣubú tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ní kó rìn lórí táìlì, ó rìn. Wọ́n ní kó rìn lórí pákó, ó rìn.

"Ṣé èyí ni wọ́n ń sanwó fún ẹ lé lórí?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Òun ni, Bàámi."

"Áà! Mo ti rìn dànù láyé yìí o."

Tó bá ti gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta, á mí kanlẹ̀, á tún máa lọ. Nígbà tó lọ tán, Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ jókòó, ó gé gbogbo ìmí yẹn kúrò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ìró ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, torí ẹlòmíì ni yóò wá fi ohùn sí i. Ó gé e tán, ó pa èyí tí kò tíì gé rẹ́. Ó pa èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú, torí òfin ilé iṣẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má mú ohunkóhun lọ sílé. Òṣìṣẹ́ rere ni, ó gbọ́ràn. Ọ̀pá bàbá náà, ó fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́ nítorí pé wọ́n ṣì máa lò ó, ó sì ra òmíràn fún bàbá. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, bàbá kú.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ojú ìyá ti ṣú, etí ló kù ú kù. Ogójì ọdún ló fi ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fọ́tò tó wà lára ògiri kò wúlò fún un. Kò mọ ohun tí géèmù jẹ́, àmọ́ kò sí Sátidé tí kì í béèrè.

"Ṣé géèmù yẹn ò tíì jáde ni?"

"Ó kù díẹ̀, Màámi."

"Tó bá jáde, wàá jẹ́ kí n gbọ́ bàbá ẹ?"

"Màá jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ wọn."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ọjọ́ tí géèmù yóò jáde síwájú. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ kò bẹ̀rù. Òun tiẹ̀ ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bàbá níbi iṣẹ́, lọ́wọ́ ọ̀sán, tó bá ń jẹun.

Ní àárọ̀ Túsìdé kan, ó fi káàdì tó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ kan ẹnu ọ̀nà, iná pupa ló tàn. Ó fi yẹ̀rì rẹ̀ nu káàdì, ó tún fi kàn án. Pupa. Ẹni tó ń kán omi òjò dúró lẹ́yìn rẹ̀, tirẹ̀ náà pupa. Kí wọ́n tó wí nǹkan kan, fóònù gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà ni. Owó tí wọ́n ti ná sórí géèmù náà ti pọ̀ débi pé, bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn bá rà á, kò lè bò ó. Nítorí náà, wọ́n ti pa á tì. Ilé iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó ní ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Inú ń bí mi tí mo bá rántí. Ẹbí wo ló ń fi lẹ́tà lé ọmọ síta kó tó wọlé? Àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta, ṣùgbọ́n àwọn tó dá àbá yìí kò sí lára àwọn tó dúró síta.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń mú wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, páálí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ogún ìṣẹ́jú láti fi kó ẹrù. Kọ̀ǹpútà Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ti kú fin-ín-fin-ín. Ó rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń kọjá, ó sáré dì í lápá mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìró ẹsẹ̀ bàbá mi nìkan ni mo fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀."

Ọ̀gá gbé páálí tirẹ̀ sókè kó lè rí i. "Wọ́n ti tìlẹ̀kùn mọ́ èmi náà. Káàdì mi ò ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́."

"Ta ni kí n bẹ̀?"

"Lọ́yà wọn. Á ní ohun ìní ilé iṣẹ́ ni. Wọ́n á kó o pa mọ́ títí àyè á fi há, wọ́n á wá pa á rẹ́."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, nígbà tí wọn ò tà á?"

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ sunkún níbẹ̀, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pá bàbá rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti lẹ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀ṣọ́ wo nọ́ńbà náà, ó wo ojú obìnrin náà, ó sì fi èékánná ṣí nọ́ńbà kúrò. "Àǹtí, ẹ máa tiro jáde," ó ní. "Mi ò lè gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn." Bó ṣe tiro kọjá láàárín gbogbo wọn nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ṣì pọ́n nígbà tó délé.

"Ìwọ nìyẹn?" ìyá rẹ̀ béèrè láti inú yàrá. "Kí ló dé?"

"Wọ́n ti lé wa níṣẹ́, Màámi. Wọ́n ti pa géèmù náà tì."

"Bàbá ẹ wá ńkọ́?"

Ó yẹ kó sọ òótọ́. Kò lè sọ ọ́. "Wọ́n fún mi kí n tó kúrò," ó ní. "Ẹ jókòó, màá fi sí i fún yín lọ́dẹ̀dẹ̀."

Ó fa bàtà bàbá jáde lábẹ́ ibùsùn, ó pa ilẹ̀kùn yàrá ìyá dé, ó lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì, ọ̀pá, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ́. Ẹsẹ̀ òsì, ọ̀pá, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ́. Láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó báyìí. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ ò bá búra pé bàbá ló ń bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Òun ni," ìyá sọ. Ó tún tẹ́tí, ó ní, "Àmọ́ mi ò gbọ́ ìmí ẹ̀. Bàbá ẹ kì í rìn kó má mí."

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ la ẹnu. Ó mí. Ìmí ara rẹ̀ ló jáde. Ó wá ìmí bàbá títí nínú orí rẹ̀, kò rí i. Ọjọ́ tó ń gé e, kò fetí sí i, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí nìkan ló ń wò.

"Wọ́n gé e ni, Màámi," ó dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ta ló gé e?"

Ó dúró síbẹ̀ nínú bàtà bàbá rẹ̀, kò lè wọlé.