Àkísà Ojú Fèrèsé Bálùwẹ̀

Èmi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń há lọ́fun. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Doornfontein, nílẹ̀ òkèèrè tí a ń gbé, mo sì ti lé birikilà tó ju mí lọ lọ́jọ́ orí kúrò lórí àkàbà rí. Ẹnì kan ṣoṣo tí n kò lè wò lójú ni ìyá ọkọ mi.

Nígbà òtútù ọdún 2009, mo bí àkọ́bí wa. Màámi, ìyá ọkọ mi, gbéra láti Èkìtì wá wẹ ọmọ. Òkè pátápátá ni fúláàtì wa wà ní Hillbrow, fèrèsé bálùwẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ojú ìwé ìròyìn lọ. Ọjọ́ tí Màámi dé gan-an ni wọ́n fi àkísà dí gbogbo etí rẹ̀, wọ́n tún ta ọ̀rá bò ó.

"Òtútù ìlú yín yìí ò ní wọ ọmọ mi lára."

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìkòkò omi gbígbóná mẹ́ta. Wọ́n fi tẹ ikùn mi, wọ́n fi wẹ ọmọ, wọ́n fi wẹ èmi náà. Ooru á kún ibẹ̀ débi pé a ò ní ríra wa, ògiri á máa làágùn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àjà bálùwẹ̀ fi bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ọ̀rá. Ó dúdú, ó ń rùn. Mo gun àga, mo fi omi jíìkì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun fọ ọ́ mọ́ tónítóní. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti padà. Ọkọ mi ní páìpù àwọn ará òkè ló ń jò. Mo ní ará òkè wo, ṣé àwọn áńgẹ́lì?

Mo mọ ohun tó fà á láti ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa sọ fún ìyá ọkọ pé ìwẹ̀ tí wọ́n ń wẹ̀ fún ọmọ ló ń ba ilé jẹ́? Mo pinnu pé màá máa fọ àjà títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi.

Àfi ìgbà tí àyà ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Dókítà fún wa lóògùn, ó ní kí ọmọ má ṣe fa èémí nǹkan dúdú yẹn símú mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Nígbà tí a délé, Màámi ti gbé omi kaná. Owó gàrí tí wọ́n ń yan tà ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi dàgbà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn bálùwẹ̀.

"Màámi, gàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada, kí ló dé tí ẹ kì í rọ ọ́ sápò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?"

"Ó gbọ́dọ̀ tutù ná. Bí ooru bá há sínú àpò, ó máa bu ni. Ṣé..."

Wọ́n gbójú sókè wo àjà bálùwẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa àkísà yọ, wọ́n ya ọ̀rá dànù. Atẹ́gùn wọlé. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí wọ́n yíjú sí mi.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́, Mà."

"O wá ń bọ̀wọ̀ fún mi, ọmọ mi ò sì lè mí?"

Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ọpọ́n ìwẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà ní pálọ̀.

"Wá di orí ọmọ ẹ mú. Bí mo bá tún ṣe ohun tí ò dáa, pariwo."

Ní ọjọ́ kẹta, mo pariwo pé omi ti gbóná jù. Wọ́n fi omi tútù là á.