Wọ́n Dárí Ji Ẹni Tó Ṣá Ẹ̀gbọ́n Mi

Orí rédíò ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbọ́ pé gómìnà ti tú ọkùnrin tó ṣá wọn ládàá sílẹ̀. Wọ́n pè mí láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn ní Àgọ́-Ìwòyè.

"Gómìnà ti dárí jì í. Èmi tó ṣá ńkọ́? Ta ló bi mí léèrè?"

Nígbà ìbò tó kọjá, ọkùnrin náà àtàwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé àpótí ìbò níbi tí a ti ń dìbò. Ẹ̀gbọ́n mi di àpótí náà mú, ló bá ṣá wọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà náà, wọn ò lè fi ọwọ́ yẹn di sísọ́ọ̀sì mú mọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹ́rìí yòókù, wọ́n sá. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló dúró sọ ohun tí ojú wọn rí, ìyẹn ni wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n. Kò tí ì lo ìdajì ẹ̀wọ̀n náà, ìbò mìíràn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Inú bí mi dé góńgó. Mo lọ bá lọ́yà kan.

Ó ní, "Òfin fún gómìnà lágbára láti dárí jini. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń gbà á nímọ̀ràn, àmọ́ òfin ò ní kó má ṣe é nígbà ìbò."

"Ta ló lè tún un ṣe?"

"Àwọn aṣòfin."

Nígbà tí aṣòfin wa tó wà l'Ábújá wá polongo ìbò ní Awà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo dìde, mo ní, "Ẹ bá wa fi sínú òfin, sà, pé tí ìbò bá ti sún mọ́lé, gómìnà ò gbọdọ̀ dárí ji ẹni tó dàlúrú nídìí ìbò."

Ó mirí. Ó ní ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ, ó ní kí wọ́n fún mi ní fìlà.

Ẹni tó gbé fìlà wá ni ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́. Ọkùnrin yẹn ni! Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n ya àwòrán aṣòfin sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ́wọ́, a jáde.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ dìbò. Wọ́n ní, "Tí mo bá jókòó sílé, òun ló ṣẹ́gun." Wọ́n lọ, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi tẹ̀ka.

Aṣòfin náà wọlé padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ béèrè òfin náà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ládùúgbò wa, wọ́n á ní ó wà l'Ábújá.